Mo Ní Ìpè ní Onitsha

Onitsha,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kọkànlá, 1960.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín, mo sì kí ìyá mi Àmínát. Ṣé ara yín le? Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ń dùn yín látìgbà tí ẹ ti fẹ̀yìn tì ní rélùwéè ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Súlìyát ìyàwó mi kí yín. Nàfísàt ọmọ yín ti wọ kíláàsì kẹta. Ó ń sọ Ìgbò bí ẹni tí wọ́n bí sí etí odò Ọya, kò sì yani lẹ́nu, ibẹ̀ la bí i sí.

Àwo tánńganran tí mo ń tà ní ọjà ńlá ń lọ díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà òmìnira, àwo tí wọ́n ya àsíá sí ni gbogbo ènìyàn ń béèrè. Àwo náà kò tóbi ju ti àtijọ́ lọ, kò sì nípọn jù ú lọ. Sísì ni wọ́n fi lé e nítorí àsíá.

Bàbá, n ó gé ọ̀rọ̀ mi kúrú, nítorí mo ti béèrè ní pósítọ́fíìsì: bébà kan, tọ́rọ́, bébà méjì, ó lé. Mo ní ìpè ní kọ́ọ̀tù májísíréètì níbí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún tó ń bọ̀ ni. Onílé mi, Mazi Nwabueze, ló dúró fún mi. Kẹ̀kẹ́ mi wà lọ́wọ́ ìjọba di ọjọ́ náà, àwọn ọlọ́pàá ló ń ṣọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá risíìtì kẹ̀kẹ́ náà tí a rà ní Ọ̀fà ní 1957. Inú agolo bisikíìtì yín ló wà. Ẹ tètè fi ránṣẹ́. Bí kò bá dé kí ọjọ́ ìpè náà tó pé, kò ní dára fún mi.

Bébà ti tán.

Ọmọ yín,
Màmúdù.


Ọ̀fà,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejìlá, 1960.

Màmúdù, ọmọ Àdìó,

Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ Ajé. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo dìde. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo jókòó. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo pe ìyá rẹ, ẹkún ayọ̀ ló bú sí. Ìpè! Ní kọ́ọ̀tù májísíréètì! Èmi tí mo fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ka àpò ẹ̀pà sínú ọkọ̀ ojú irin, ẹnikẹ́ni kò pè mí sí nǹkan kan rí, àfi "Àdìó, ó ku àpò méjì." Ọmọ mi ni wọ́n wá pè pé kó wá jókòó lórí àga ìdájọ́ ní ìlú onílùú, ọ̀sẹ̀ méje péré lẹ́yìn òmìnira. Òmìnira mà dára o.

Mo pa àkùkọ. Àgbò ló yẹ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n mo ní kí àgbò dúró di ìgbà tí o bá gba owó oṣù àkọ́kọ́.

Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Nígbà tí mo sọ fún Ìmáàmù pé ọlọ́pàá ló ń ṣọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ, ó mi orí, ó ní òun kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo ní, "Kí lẹ tíì gbọ́? Bí kẹ̀kẹ́ bá ní ọlọ́pàá, mélòó ni ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ máa ní?"

Ní ti risíìtì, má kánjú. Mo mọ ohun tí ìjọba ń fi risíìtì ṣe. Owó kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fẹ́ máa san fún ọ, ọ̀gá wa ní rélùwéè gba irú rẹ̀. Pọ́n-ùn mẹ́rìnlá la ra kẹ̀kẹ́ yẹn. Bí wọ́n bá rí risíìtì, mẹ́rìnlá ni wọn yóò kọ sílẹ̀ títí ayé. Bí wọn kò bá rí i, wọ́n lè ní kí o ra tuntun, tàbí kí wọ́n fún ọ ní mọ́tò. Nítorí náà mo ti agolo náà pa.

Òfin tuntun ti dé sí wa ní Àríwá níhìn-ín, ó ku ọ̀la kí a gba òmìnira ló dé. Pínà kóòdù ni wọ́n ń pè é. Mùsùlùmí tó bá mu ọtí, ẹjọ́ ni, wọ́n sì lè nà án lẹ́gba. Bẹ́ẹ̀ Òkúku kò jìnnà sí wa, Ìwọ̀ Oòrùn sì ni tiwọn, òfin náà kò dé ibẹ̀. O rántí Ìyàndá, aládùúgbò wa tó ń rán bàtà? Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ mu ẹmu ní Òkúku. Ẹmu sísì, tíkẹ́ẹ̀tì ṣílè méjì. Ó ní ìjọba ti sọ ẹmu di ohun ọlọ́lá. Ọkọ̀ kan náà ló ń gbé e kúrò ní Ọ̀fà bí ọ̀daràn, tí ó ń sọ ọ́ kalẹ̀ ní Òkúku bí ọmọlúwàbí. Àbọ̀ ló ṣòro, nítorí ó gbọ́dọ̀ jókòó sí ibùdókọ̀ títí òórùn yóò fi kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní kí n bi adájọ́ léèrè: ẹmu tí ènìyàn mu ní Òkúku, tó ṣì wà nínú ikùn nígbà tí ọkọ̀ wọ Ọ̀fà, òfin ta ló ni ín? Ronú sí i kí o dá wa lóhùn. Mo ní kó fọkàn balẹ̀ ní tirẹ̀. Mo ní bàbá adájọ́ ni mí, ọ̀rẹ́ bàbá adájọ́ sì ni òun.

Ohun kan ló dùn mí. Irú ìròyìn báyìí, bébà kan ṣoṣo lo fi kọ ọ́?

Bàbá rẹ,
Àdìó.


Onitsha,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejìlá, 1960.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, n kò sì tíì dìde. Lẹ́tà yín dé lánàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Bébà méjì ni mo fi kọ ọ́.

N kì í ṣe adájọ́. Olùjẹ́jọ́ ni mí.

Ìpè, lẹ́nu àwọn Ìgbò, ẹjọ́ ni. Ẹni tó bá ní ìpè, ẹjọ́ ló ní. Ọdún kẹrìndínlógún mi rèé níbí, mo ti gbàgbé pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tiwa. Súlìyát ń sọ ọ́ nínú ilé, Nàfísàt kò tilẹ̀ mọ òmíràn. Nígbà tí mo kọ ọ́, ẹjọ́ ni ọkàn mi ń wí. Nígbà tí ẹ kà á, oyè lẹ rí.

Báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ kó àwo fún oníbàárà kan ní Asaba, mo sì wọ fẹ́rì padà. Bí mo ti ń sọ̀ ní èbúté, ọkùnrin kan tó ń ta iyọ̀ di kẹ̀kẹ́ mú, ó ní tòun ni, ó ní wọ́n jí i ní Asaba. Èrò pé lé wa lórí. Ọlọ́pàá dé, ó ní, "Pépà dà?"

Mo ní, "Ó wà ní Ọ̀fà, lọ́wọ́ bàbá mi."

Ó ní, "Ríjíọ̀nù wo ni Ọ̀fà wà?"

Mo ní, "Àríwá."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìgbà tí mo jẹ́wọ́.

Bàbá, ẹ wo kẹ̀kẹ́ kan. Wọ́n ní Ìwọ̀ Oòrùn ni wọ́n ti jí i, Ìlà Oòrùn ni wọ́n ti mú un, Àríwá ni ẹ̀rí rẹ̀ wà. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ló ti gba òmìnira. Ní ọ̀dọ̀ yín, wọ́n ń wo ohun tó wọ ẹnu ènìyàn. Níbí, ẹ lè fi ẹmu wẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bi yín. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá jókòó lé, ẹ rántí bébà rẹ̀.

Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n tẹ̀ sára irin lábẹ́ àga kẹ̀kẹ́ náà, ó wà nínú risíìtì pẹ̀lú. Bí méjèèjì bá bá ara mu, mo bọ́. Bí kò bá sí risíìtì, lọ́yà tí Mazi Nwabueze bá mi rí ní ó lè tó oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n. Oṣù mẹ́fà, Bàbá! Nàfísàt yóò ti wọ kíláàsì kẹrin kí n tó jáde.

Ẹ ṣí agolo náà lónìí. Ẹ má dúró di ọ̀la. Kí ẹ sì sọ fún Ìyàndá pé kó máa lọ sí Òkúku rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ọmọ yín,
Màmúdù.


WÁYÀ
Láti Onitsha, ọjọ́ kẹwàá, oṣù kìn-ín-ní, 1961.

ADIO OFFA. RISITI TABI EWON. MAMUDU.


Ọ̀fà,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìn-ín-ní, 1961.

Màmúdù ọmọ mi,

Láti ọjọ́ tí mo ti kọ̀wé sí ọ, n kò gbọ́ èsì kankan. Mo ní iṣẹ́ ìjọba ni. Àṣé wáyà lò ń pèsè. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré! Ìyẹn gan-an ni mo fi mọ̀ pé o ti di ẹni ńlá. Ẹni ńlá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Akọ̀wé pósítọ́fíìsì fẹ́ dẹ́rù bà wá. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀wọ̀n yìí, ibi tí wọ́n ń ti àwọn ọ̀daràn mọ́ ni." Mo bú u. Mo ní, "Adájọ́ ní í rán ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ta ni í rán adájọ́?" Ẹ̀wọ̀n ọrùn lò ń béèrè, irú èyí tí àwọn olórí ìgbìmọ̀ ìlú ń fi kọ́rùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbà wọ́n síṣẹ́. Mo ti rí àwòrán wọn nínú ìwé ìròyìn. Ìyá rẹ ti bọ́ ẹ̀wọ̀n wúrà ọrùn rẹ̀. Ó sunkún díẹ̀, ṣùgbọ́n ó bọ́ ọ.

Risíìtì tàbí ẹ̀wọ̀n lo wí. Bàbá rẹ kì í ṣe ahun, méjèèjì ni mo ń gbé bọ̀. N kò ní yọ risíìtì nínú agolo, kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ lójú ọ̀nà. Bí agolo ṣe wà ni n ó ṣe gbé e. Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, n ó wọ lọ́rì lọ sí Òṣogbo, láti ibẹ̀ dé Benin, láti Benin dé etí odò. Bí lẹ́tà yìí bá dé lẹ́yìn mi, fi sínú fáìlì.

Ìyàndá jókòó tì mí bí mo ti ń kọ ọ́. Ó ní òun kò ní lọ sí Òkúku lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti ń lọ rí adájọ́ fúnra mi, òun yóò fi owó tíkẹ́ẹ̀tì ra ẹmu kún ẹmu, òun yóò sì mu ún níwájú ilé òun. Mo ní kó máa mu.

Má sọ fún wọn pé mò ń bọ̀. Mo fẹ́ bá ọ lórí àga.

Bàbá rẹ,
Àdìó.


Onitsha,
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kìn-ín-ní, 1961.

Bàbá mi,

Ṣé ẹ délé láyọ̀? N kò mọ̀, nítorí láti ẹnu ọ̀nà kọ́ọ̀tù títí ẹ fi wọ fẹ́rì lọ́jọ́ kejì, ẹ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Súlìyát gbé oúnjẹ fún yín, ẹ jẹ ẹ́. Nàfísàt kí yín, ẹ wò ó. Lẹ́yìn tí ẹ lọ tán ni lẹ́tà yín ti ọjọ́ kejìlá dé, ìgbà náà ni mo wá mọ ohun tí ẹ rò. Ó hàn pé lẹ́tà mi kò bá yín nílé.

Gẹ̀ẹ́sì ni adájọ́ ń sọ lọ́jọ́ náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ fún yín, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ṣe fún mi.

Láti aago méje ni mo ti jókòó síta kọ́ọ̀tù, tí mò ń wo ọ̀nà èbúté. Aago mẹ́wàá kọjá kí n tó rí yín. Eruku ọ̀nà Benin ti sọ agbádá funfun yín di pupa, agolo bisikíìtì wà lábẹ́ abíyá yín. Mo sáré pàdé yín, mo ní, "Bàbá, risíìtì!"

Ẹ ní, "Rọra. Ẹni bíi tìrẹ kì í sáré."

Ẹ̀wọ̀n ìyá mi lẹ yọ lápò, ẹ fi kọ́ mi lọ́rùn níwájú gbogbo ayé, ẹ sì ń ki oríkì mi. Kí n tó bọ́ ọ, akọ̀wé ti ké orúkọ mi. Báyìí ni mo ṣe wọ inú àpótí olùjẹ́jọ́, wúrà lọ́rùn, bí ọkọ ìyàwó.

Adájọ́ wò mí. Ó wo oníyọ̀. Ó tún wò mí. Ó bi ọlọ́pàá pé, "Ẹni yìí lẹ ní ó jí kẹ̀kẹ́?" Ọlọ́pàá ní bẹ́ẹ̀ ni. Adájọ́ ní, "Ká tó dé orí kẹ̀kẹ́, èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀ yìí ńkọ́? Ta ló ni ín? Risíìtì rẹ̀ dà?"

Bàbá, mo yára fi ọwọ́ bo ẹ̀wọ̀n náà. Ẹjọ́ kan ni mo bá wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di méjì. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ tí ìdérí agolo dún. Ẹ ti dìde láàrin èrò. Ẹ kò gbọ́ nǹkan mìíràn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ risíìtì. Ẹ ní, "Èwo lẹ fẹ́ nínú wọn? Ti wúrà wà. Ti kẹ̀kẹ́ wà. Ti àga mẹ́fà wà. Ti páànù ilé wà."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, gbogbo kọ́ọ̀tù bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá ní kí ẹ jókòó, adájọ́ ní kí ẹ má jókòó, kí wọ́n gbé agolo náà wá. Ó ka ti wúrà, 1938. Ó ka ti kẹ̀kẹ́, 1957. Wọ́n yí kẹ̀kẹ́ dojú dé, wọ́n ka nọ́ńbà rẹ̀, ó bá ti bébà mu. Wọ́n bi oníyọ̀ pé kí ni nọ́ńbà tirẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ń ní nọ́ńbà, àwọ̀ dúdú rẹ̀ lòun mọ̀. Adájọ́ wá ní kí n gba kẹ̀kẹ́ mi máa lọ. Ó ní bí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè tuntun yìí bá ní irú agolo yẹn, iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún oníyọ̀ ní Ìgbò, ó ní ìpè kò mọ̀ mí, èyí ni pé n kò jẹ̀bi. Ìyẹn lẹ gbọ́. Inú yín dùn, ẹ yíjú sí Mazi Nwabueze, ẹ ní, "Mo gbọ́ ìpè! Ṣé wọ́n ti pè é nìyẹn?"

Mazi fi ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́ dá yín lóhùn, ó ní, "Bàbá, ìpè ti tán. Kò sí ẹ̀wọ̀n mọ́."

Ẹ na ọwọ́ sí ọrùn mi, ẹ ní, "Ẹ̀wọ̀n rèé."

Ó ní, "Kì í ṣe èyí. Èyí tó ní ilẹ̀kùn."

Mo rí ojú yín nígbà náà. Àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi lọ́jọ́ yẹn kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀bi mi ni. Ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tán, mo wá fi owó sítáǹbù ṣe àwáwí. Ọ̀rọ̀ mẹ́tàlá ni mo kọ́kọ́ kọ fún wáyà. Akọ̀wé ní iye ọ̀rọ̀ ni iye owó, mo bẹ̀rẹ̀ sí yọ wọ́n. Nínú èyí tí mo yọ ni "wọn yóò tì mí mọ́lé" wà. Mo rò pé ẹnikẹ́ni yóò mọ ìyẹn láìkọ ọ́. Owó lọ́rì tí ẹ san ju gbogbo owó tí mo fi pamọ́ lọ, ká má tíì sọ ti ẹsẹ̀ yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún àdúgbò kó tó pẹ́ jù.

Ọmọ yín,
Màmúdù.


Ọ̀fà,
Ọjọ́ ogún, oṣù kejì, 1961.

Màmúdù,

Mo délé. Lẹ́tà rẹ ti oṣù kejìlá ni mo bá lórí tábìlì, ọjọ́ kejì tí mo lọ ló dé. Ìyá rẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i. Ó ní ìwé adájọ́ ni.

N kò bínú sí ọ. Bí mo ti dákẹ́ nílé rẹ yẹn, ìṣirò ni mò ń ṣe. Mò ń ka àwọn tí mo ti sọ fún. Mo kà wọ́n dé mẹ́rìndínlọ́gọ́rin kí fẹ́rì tó gúnlẹ̀ sí Asaba, n kò sì tíì kan àwọn ará ọjà.

O ní kí n sọ òótọ́. Mo sọ ọ́, dé ìwọ̀n tí ara mi gbà. Mo ní ọjọ́ tí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà gan-an lo fi í sílẹ̀. Wọ́n yìn ọ́. Ìmáàmù ní ẹni tó bá lè kọ oyè ni oyè yẹ. Ọ̀rọ̀ ìbá sì parí síbẹ̀, bí kò bá ṣe ti Ìyàndá.

Ọjọ́ Sátidé tí mo wà lójú ọ̀nà, Ìyàndá gbé àga síta, ó gbé ẹmu ka iwájú, ó ń kí àwọn tó ń kọjá. Nígbà tí wọ́n mú un dé kọ́ọ̀tù, ó ní, "Bàbá adájọ́ Onitsha ló ní kí n máa mu." Ọgọ́rin ẹgba ni wọ́n nà án. Wọ́n ní ẹgba náà kì í dunni, pé ó kàn ń dójú tini ni. Ìyàndá ní irọ́ ni, ó ń ṣe méjèèjì.

Bí mo ti sọ̀ nínú lọ́rì ló ti dúró dè mí. Ó ní, "Àdìó, ọgọ́rin ni. Ogójì jẹ́ tìrẹ. Ìgbà wo lo máa wá gbà á?"

Mo ní kó ṣe sùúrù.

Ó ní, "Àbí kí n fi wáyà ránṣẹ́ sí ọ, kí o lè tún pa àkùkọ?"

Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ìránṣẹ́ kọ́ọ̀tù kanlẹ̀kùn. Nínú òfin tuntun yìí, ẹni tó bá ní kí ẹlòmíràn máa dẹ́ṣẹ̀, agbódegbà ni. Mo sọ fún un pé ní Onitsha, ẹnikẹ́ni kì í mú agbódegbà ẹmu. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin kò sí ní Onitsha." Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ni kí n fara hàn.

Mo gbé lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́ lọ bá wọn, kí wọ́n lè rí i pé kì í ṣe èmi ni mo hùmọ̀ ọ̀rọ̀ adájọ́. Wọ́n kà á yípo. Wọ́n ní ìpè ni ìpè. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ ẹjọ́ ló túmọ̀ sí níbòmíràn, kí n mú ẹni tó gbọ́ èdè náà wá, kó fi Kùránì búra. Mo wo gbogbo inú agolo náà, Màmúdù, risíìtì ohun gbogbo wà níbẹ̀, kò sí ti ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ tó gbọ́ èdè náà. Wá. Má fi wáyà ránṣẹ́. Kọ lẹ́tà kí o tó máa bọ̀, bébà méjì, mẹ́ta bí ó bá gbà, má sì yọ ọ̀rọ̀ kankan. Owó sítáǹbù tó bá kù, èmi ni n ó san án níbí.

Mo ní ìpè, ọmọ mi. Má pa àkùkọ.

Bàbá rẹ,
Àdìó.